Ọ̀rọ̀ tó ń bá ọ̀rọ̀ rìn: bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ ilé-iṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Wọ́n kéde níbi iṣẹ́ wa pé ilé-iṣẹ́ wa àti ilé-iṣẹ́ mìíràn fẹ́ di ọ̀kan, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo kọ ọ́ pé: "The two companies want to do a merger. We have made a due diligence and the shareholders have accepted the merger. The bigger company will overtake the smaller one." Ọ̀gá mi fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní ohun tí mo ń sọ yé òun, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nídìí irú òwò yìí. Ẹ jọ̀wọ́, àwọn ọ̀rọ̀ wo ló máa ń bá ara wọn rìn tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ ilé-iṣẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ gbólóhùn yín ránṣẹ́ bó ṣe wà gan-an, nítorí ó jẹ́ kí n rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá yín kò ṣàṣejù. Òfin gírámà tí ẹ rú kò tó nǹkan. Àṣà ni ẹ kò tẹ̀ lé. Nínú èdè tiwa, a máa ń pa irọ́, a máa ń pa òwe, a sì máa ń pa àlọ́ láìsí ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A máa ń jẹ gbèsè, a máa ń jẹ oyè, a sì máa ń jẹ ìyà láìsí oúnjẹ níwájú wa. Bí àlejò tó ń kọ́ Yorùbá bá sọ pé òun "ṣe gbèsè" lọ́dún tó kọjá, ohun tó ń sọ yé wa, ṣùgbọ́n a ti mọ̀ pé àlejò ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni "do a merger" ṣe ń dún létí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ọ̀rọ̀-orúkọ ló máa ń yan ọ̀rọ̀-ìṣe tí yóò bá a rìn, kò sì bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ wa.

Àmọ́ o, nídìí òwò yìí, ọ̀rọ̀ náà ju kí etí gba ohun tí a kọ lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ méjì bá ń di ọ̀kan, ohun tó wà nílẹ̀ ni ẹni tí yóò ni ẹnì kejì àti iye tí wọn yóò san, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe, bíi "with", "into", "over" àti "in", ló sì máa ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ṣì wọ́n lò lè sọ ẹni tó rà di ẹni tí wọ́n rà láìmọ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi ní kàn to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún yín kí ẹ há a sórí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí "merge" fúnra rẹ̀. Látinú èdè Látìn ló ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí níbẹ̀ ni kí nǹkan rì sínú omi. Bí ilé-iṣẹ́ méjì bá di ọ̀kan tí a kò fẹ́ sọ pé ọ̀kan gbé èkejì mì, a ó sọ pé "A merged with B", tàbí kí a kó wọn pọ̀ síwájú, kí a sọ pé "A and B merged". Ó dà bí ìgbà tí a bá ní àwọn méjèèjì fẹ́ra wọn: kò sí ẹni tó jẹ́ olùṣe tàbí ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí "with" padà sí "into", tí ẹ sọ pé "A merged into B", ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ A ti rì, kò sí mọ́ lójú òfin, ilé-iṣẹ́ B nìkan ló ṣẹ́ kù. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yàtọ̀, ó sì ti fi ilé-iṣẹ́ kan sínú sàréè. Ẹ má ṣe kọ "merge together", nítorí "together" ti wà nínú "merge" tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì kọ "merge to" rárá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ni ẹ fẹ́ lò, "the merger of A and B", "the merger between A and B" àti "A's merger with B" ni àwọn mẹ́ta tó dúró dáadáa. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó máa ń ṣáájú "merger" ni "propose" nígbà tí wọ́n bá dábàá rẹ̀, "announce" nígbà tí wọ́n bá kéde rẹ̀, àti "complete" nígbà tó bá parí. Nígbà tí ẹ bá ń sọ nípa ilé-iṣẹ́ epo Exxon àti Mobil, ẹ lè kọ pé wọ́n "announced their merger" ní oṣù Kejìlá ọdún 1998, wọ́n sì "completed it" ní oṣù Kọkànlá ọdún 1999. Kò sí "do" níbì kankan, kò sì sí "perform".

"Acquire" kò ní irú ìtìjú bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé ẹnì kan ra ẹnì kan. "Facebook acquired Instagram" ni a ń kọ, láìsí ọ̀rọ̀ atọ́kùn kankan láàárín. Bí a bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, yóò di "Facebook's acquisition of Instagram", a kì í sì í sọ pé "acquisition with", nítorí ẹni tí wọ́n rà kò bá wọn rà á. Ilé-iṣẹ́ tó ń ra òmíràn lè "make an acquisition", èyí sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí "make" ti bójú mu. Ní ti owó, "for" ni a máa ń fi ṣáájú gbogbo iye rẹ̀, bí ó ti rí nínú "acquired Instagram for $1 billion" ní ọdún 2012; ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iye owó ìpín kan ṣoṣo ni ẹ ń sọ, "at" ló máa ń wá, bíi "at $95 a share", iye tí Microsoft fi ra ìpín kọ̀ọ̀kan nínú Activision Blizzard.

Ní ti "buy" tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ẹ ṣọ́ra fún ìrù rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe tó ń pani lẹ́rìn-ín jù. "Buy out" ni kí a ra gbogbo ìpín ọwọ́ ẹnì kan kó lè jáde kúrò nínú òwò náà pátápátá. Bí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fúnra wọn bá dáwó jọ láti rà á lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, "management buyout" ni, "buyout" náà sì máa ń lẹ̀ pọ̀ nígbà tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. "Buy into" ni kí a ra ìpín díẹ̀ kí a lè ní ẹsẹ̀ kan nínú rẹ̀. "Buy up" ni kí a máa rà wọ́n tán, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ń ra àwọn kéékèèké tó wà láyìíká rẹ̀. "Buy back" ni kí ilé-iṣẹ́ ra ìpín tirẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n "buy off" ni kí a fún ènìyàn ní owó kó lè pa ẹnu mọ́. Mo ti ka ìròyìn kan rí tí ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ sọ pé ilé-iṣẹ́ òun ti ra alábàádíje rẹ̀, ó sì kọ pé "we have bought off our competitor". Ọpẹ́ ni pé n kò jẹ́ kó dé ọwọ́ agbẹjọ́rò.

Ọ̀rọ̀ kejì tó dé yín lórí, "overtake", wà ní ìdílé kan náà. Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀: a ní "take", a ní "over", a sì rò pé èyí tó wù ká fi síwájú kò já mọ́ nǹkan. Ó já mọ́ nǹkan gan-an. "Overtake" ni ohun tí ọkọ̀ máa ń ṣe sí ọkọ̀ mìíràn lójú títì. Bí ilé-iṣẹ́ bá "overtake" òmíràn, ohun tí a ń sọ ni pé ọjà tó ń tà tàbí èrè tó ń jẹ ti ju ti ẹnì kejì lọ, àwọn méjèèjì sì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Take over" ni kí a gba àkóso. Ọ̀rọ̀ méjì ni tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ni "takeover" tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí ẹ bá lo arọ́pò-orúkọ, àárín ló gbọ́dọ̀ wà: "take it over", kì í ṣe "take over it". Ẹ sì kíyè sí "take over from", nítorí ìyẹn ni kí ẹnì kan gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ, bí ọ̀gá tuntun ṣe ń rọ́pò ti àtijọ́. Kò kan ríra ilé-iṣẹ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan hàn yín tí yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé yíyàn láàárín "merger" àti "takeover" kì í ṣe ọ̀ràn etí lásán. Ní ọdún 1998, Daimler-Benz ti ilẹ̀ Jámánì àti Chrysler ti Amẹ́ríkà di ọ̀kan nínú òwò tí iye rẹ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 36 dọ́là. Àwọn méjèèjì pè é ní "a merger of equals", ìyẹn ni pé kò sí àgbà kò sí èwe nínú rẹ̀. Gbólóhùn kúkúrú yìí ti di ọ̀kan ṣoṣo lẹ́nu àwọn oníṣòwò. A kì í yí i padà sí "an equal merger" tàbí "a merger of same size". Lẹ́yìn ọdún méjì, ní 2000, Jürgen Schrempp tó jẹ́ olórí ilé-iṣẹ́ àpapọ̀ náà sọ fún ìwé ìròyìn Financial Times pé òun kò fi ìgbà kan gbèrò pé kí Chrysler ju ẹ̀ka kan lábẹ́ ilé-iṣẹ́ náà lọ. Kirk Kerkorian tó ní ìpín tó pọ̀ nínú Chrysler gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún kan náà. Ohun tó ń bí i nínú ni pé bí wọ́n bá ti pè é ní "takeover" láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn onípìn-ín Chrysler ìbá ti béèrè owó tó ju èyí tí wọ́n gbà lọ, nítorí ẹni tó bá fẹ́ gba àkóso ilé-iṣẹ́ máa ń san àlékún lórí iye tí ìpín rẹ̀ ń tà lọ́jà. Kerkorian pàdánù ẹjọ́ náà ní ọdún 2005. Síbẹ̀, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi odindi ọdún márùn-ún jà lé lórí.

Àlékún tí mo mẹ́nu bà yẹn ni "premium", ó sì ní àwọn tó ń bá a rìn: "pay a premium" ni ti ẹni tó ń rà, "receive a premium" sì ni ti ẹni tó ń tà. Bí a bá fẹ́ sọ ohun tí a fi wọ̀n ọ́n, "to" tàbí "over" la máa ń lò, bíi "a premium of 40 per cent to the closing price". Ibi kan náà ni ẹ ti lè kọ́ ọ̀rọ̀ "stake", ìyẹn ìpín tí ènìyàn dì mú. "In" ni tirẹ̀ títí láé. Nígbà tí ìgbéyàwó Daimler àti Chrysler tú ká ní ọdún 2007, Daimler "sold an 80.1 per cent stake in Chrysler" fún ilé-iṣẹ́ Cerberus, ẹ kò lè kọ "a stake of Chrysler". Ìpín tó ju ìdajì lọ ni "majority stake", èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ ni "minority stake", èyí tó bá sì fún ènìyàn lágbára láti darí ilé-iṣẹ́, ì báà tó ìdajì tàbí kó má tó o, ni "controlling stake". A lè "buy", "hold", "raise" tàbí "sell" a stake. Bákan náà, "share" ni a máa ń kà, "stake" ni a máa ń wọ̀n: "two million shares", ṣùgbọ́n "a 10 per cent stake".

"Bid" ni ọ̀rọ̀ tó ní ẹbí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ́ ọ bí ìtàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìtàn Kraft àti Cadbury dára fún un. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, Kraft ti Amẹ́ríkà "made a bid for" Cadbury tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi pẹ́ńsì 745 lọ̀ wọ́n lórí ìpín kan. "For" ni o, kì í ṣe "on". Ìgbìmọ̀ olùdarí Cadbury "rejected the bid". Ẹ tún lè sọ pé wọ́n "turned it down", ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé wọ́n "refused the bid" nínú ìwé tó bá ṣe gbòógì. Nígbà tí Kraft kò padà lẹ́yìn wọn, ọ̀rọ̀ náà di "hostile bid". Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, Kraft "raised its bid", wọ́n sún un sí pẹ́ńsì 840 pẹ̀lú èrè orí ìpín tó jẹ́ pẹ́ńsì 10, àwọn olùdarí Cadbury sì "recommended the offer" fún àwọn onípìn-ín, tí í ṣe pé wọ́n ní kí wọ́n gbà á. Iye rẹ̀ lápapọ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 11.5 pọ́n-ùn. Bí ẹlòmíràn bá yọjú tí ó sì fi owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ̀ wọ́n, a ó ní ó "outbid" ẹni àkọ́kọ́. Bí ẹni tó ń rà bá ronú pìwà dà, ó lè "withdraw its bid". Ọ̀kan tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó wà lókèèrè síra wọn ni "table a bid": nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó túmọ̀ sí kí a gbé e kalẹ̀ fún ìjíròrò, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà, "table" ni kí a gbé nǹkan tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tí yóò ka ìwé yín, ẹ lo "make" kí ẹ sì sinmi.

Mo lo "hostile" lókè. Kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ń pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìgbìmọ̀ olùdarí kò fẹ́, ẹni tó ń rà sì gba orí wọn kọjá lọ bá àwọn onípìn-ín tààrà. Òdì rẹ̀ ni "friendly takeover". Àwọn olùdarí tí kò fẹ́ lè "adopt a poison pill", ìyẹn ètò kan tó máa jẹ́ kí àwọn onípìn-ín yòókù ra ìpín tuntun ní ẹ̀dínwó bí ẹni tí wọn kò fẹ́ bá ti ra ju iye kan lọ, tí ìpín tirẹ̀ yóò sì wá kéré. Wọ́n ń pè é ní oògùn olóró, síbẹ̀ a kì í mu ún, a kì í sì í gbé e mì, "adopt" ni. Ìgbìmọ̀ Twitter ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2022 nígbà tí Elon Musk fẹ́ rà á, wọ́n fi ààlà náà sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gbà láti tà á fún un ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 44 dọ́là. Ẹ tún lè bá "white knight" pàdé, ìyẹn ẹni tí àwọn olùdarí fẹ́, tó wá ra ilé-iṣẹ́ náà kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí wọn kò fẹ́.

Bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, ẹ ó rí i pé ibi méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ti lọ yá ọ̀rọ̀ fún ìdàpọ̀ ilé-iṣẹ́: ojú ogun àti ilé ìgbéyàwó. Láti ojú ogun ni "hostile", "target", "raid", "defence" àti "fend off a bid" ti wá. Láti ilé ìgbéyàwó sì ni "suitor", "woo", "courtship" àti "tie the knot" ti wá. Àwọn akọ̀ròyìn fẹ́ràn wọn dé góńgó. Èmi kò fẹ́ràn wọn nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ẹ fi "suitor" sílẹ̀ fún ìwé ìròyìn, kí ẹ lo "bidder" tàbí "acquirer". "Target" tàbí "target company" nìkan ni mo lè gbà láàyè, nítorí àwọn agbẹjọ́rò náà ń lò ó.

Kí ìwé tó dé ibi ìbuwọ́lù, ìjíròrò ni yóò ṣáájú. "Talks" ni wọ́n ń pè é, "s" inú rẹ̀ kì í sì í kúrò. Ilé-iṣẹ́ kan lè "be in talks with" òmíràn, àwọn méjèèjì lè "hold talks" tàbí "enter into talks", ìjíròrò náà lè wà "at an advanced stage", ó sì lè "break down" tàbí "collapse". Glaxo Wellcome àti SmithKline Beecham la gbogbo rẹ̀ kọjá: ìjíròrò wọn "collapsed" ní ọdún 1998, wọ́n padà sídìí rẹ̀, wọ́n sì "merged" ní ọdún 2000 láti di GlaxoSmithKline. Àti pé, ẹ jọ̀wọ́, "discuss the merger" ni, kì í ṣe "discuss about the merger".

"Due diligence" ni àyẹ̀wò fínnífínní tí ẹni tó ń rà máa ń ṣe sí ìwé owó, gbèsè, ẹjọ́ àti àdéhùn ẹni tí ó fẹ́ rà. Ọ̀rọ̀-orúkọ aláìṣeékà ni, nítorí náà kò ní "a", kò sì ní "s". "Carry out due diligence" tàbí "conduct due diligence" ló bá ìwé mu; "do due diligence" tún wà lẹ́nu ènìyàn, ó sì dára fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ẹ bá fẹ́ dárúkọ ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò, "on" ni kí ẹ lò: "due diligence on the target". Nípa ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ohun tí wọ́n rò kò bá bá ohun tí wọ́n rà mu, Hewlett-Packard ra Autonomy ní ọdún 2011 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 11 dọ́là, nígbà tó sì di ọdún 2012, wọ́n kéde "a write-down of $8.8 billion", ìyẹn ni pé wọ́n gé iye náà kúrò nínú ìwé owó wọn.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí. Ẹ kọ pé àwọn onípìn-ín "have accepted the merger". "Accept" kì í bá "merger" rìn. "Offer" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fi owó lọ onípìn-ín tí ó sì gbà á, ó "accepted the offer". Bí wọ́n bá dìbò níbi ìpàdé, wọ́n "approved the merger" tàbí "voted in favour of the merger". Ẹ má sì ki "of" bọ̀ ọ́: "approve the merger" ni kí a fọwọ́ sí i, "approve of the merger" ni kí inú wa dùn sí i. Onípìn-ín lè ṣe ọ̀kan láìṣe èkejì.

Àwọn onípìn-ín nìkan kọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ sí i. Àwọn àjọ tó ń mójú tó ìdíje nínú òwò náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ, tiwọn ni "regulatory approval". Ilé-iṣẹ́ máa ń "seek" rẹ̀, á sì "obtain", "secure" tàbí "win" rẹ̀. Àjọ náà máa ń "clear the deal" tàbí kó "block the deal". Nínú ìwé, ẹ ó máa rí "subject to regulatory approval", tó túmọ̀ sí pé kò tíì dájú, ó ń dúró de àṣẹ wọn. Ẹ há a sórí bó ṣe wà, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tó rọrùn tó o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Microsoft àti Activision fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tán. Wọ́n kéde rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2022 gẹ́gẹ́ bí "an all-cash deal", ìyẹn òwò tí wọ́n fi owó nìkan san, tí iye rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 68.7 dọ́là. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà "sued to block the deal". Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, àjọ CMA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì "blocked it". Microsoft tún àdéhùn náà tò, CMA "cleared" tuntun náà, òwò náà sì "closed" ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ẹ kíyè sí i pé "close" àti "complete" ni a ń lò fún òpin rẹ̀, a kì í sọ pé "the deal ended", nítorí ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn yóò rò pé ó bàjẹ́.

Bí ó bá sì bàjẹ́ lóòótọ́, "the deal fell through" ni. Òwò náà fúnra rẹ̀ ni olùwà gbólóhùn yìí, kò gbọdọ̀ jẹ́ ènìyàn. Bí ẹ bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó fà á, ẹ lo "call off", tàbí "walk away from" tí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ló kẹ́yìn sí i. AT&T fẹ́ ra T-Mobile USA ní bílíọ̀nù 39 dọ́là ní ọdún 2011; ìjọba Amẹ́ríkà takò ó, AT&T "called off the deal" ní oṣù Kejìlá, ó sì "paid a break-up fee", owó ìtanràn tí wọ́n ti kọ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, tí bílíọ̀nù 3 dọ́là wà nínú rẹ̀ ní owó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdàpọ̀ kò ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tuntun náà ni "the combined company". Àǹfààní tí wọ́n retí pé yóò jáde nítorí pé wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni "synergies", a máa ń "achieve" tàbí "realise" wọn, wọ́n sì sábà máa ń wà ní ọ̀pọ̀. Èmi máa ń fura sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí nígbà púpọ̀, "cost synergies" kò ju pé wọn yóò "cut jobs" lọ, a kàn fi aṣọ àríyá wọ̀ ọ́ ni. Bí ìgbéyàwó náà kò bá dùn, wọ́n lè "spin off" ẹ̀ka kan, ìyẹn ni kí wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀ di ilé-iṣẹ́ tó dá dúró, bí Time Warner ṣe "spun off AOL" ní ọdún 2009, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde ìdàpọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí gbólóhùn yín. Bí mo bá kàn tún ìbárìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, yóò di: "The two companies plan to merge. Due diligence has been carried out, and the shareholders have approved the merger, which is still subject to regulatory approval. The larger company will take over the smaller one." Mo fi "subject to regulatory approval" kún un nítorí pé ó ṣeé ṣe kí àṣẹ má tíì jáde, bí ó bá ti jáde, ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yín yóò tún fàlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì tọ̀nà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ní àwọn méjèèjì ń di ọ̀kan, ti ìkẹyìn ní ọ̀kan ń gba àkóso èkejì. Ẹ kọ́kọ́ lọ bi wọ́n léèrè èwo ni. Bí ó bá jẹ́ pé ríra ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "The larger company plans to acquire the smaller one", kí ẹ yí "merger" padà sí "acquisition" láàárín, kí ẹ sì yọ gbólóhùn ìkẹyìn. Bí ó bá sì jẹ́ ìdàpọ̀ tí orúkọ ọ̀kan nínú wọn yóò parẹ́ kúrò nínú ìwé ìjọba, ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì fi èyí parí rẹ̀: "The smaller company will merge into the larger one."